Ẹni Tó Ń Wò ní Aago Mọ́kànlá

Oyin ni mò ń tà, oyin igbó ẹ̀bá odò Òkpárà,
èyí tó dúdú díẹ̀, tó ń ta lọ́fun bí èéfín.
Ọdún mẹ́ta ni mo fi polówó rẹ̀ lórí fóònù.
Mo wé gèlè, mo lé tìróò,
mo gbé ìgò sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, mo rẹ́rìn-ín,
mo ń san ẹgbẹ̀rún márùn-ún sééfà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀
kí àwọn ará Kútọnú lè rí mi.
Wọ́n rí mi. Ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án èèyàn ló rí mi.
Ìgò méjì ni mo tà,
ọ̀kan fún àbúrò ọkọ mi, láwìn.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi dé láti Pàràkú nígbà ìsinmi,
Ṣàbí, ọmọ tí kò lè jẹun kó má ka iye òkèlè.
Ó ní, “Ìyá kékeré, ta ló ń rà?”
Mo ní, “Àwọn oníbàárà ni.”
Ó ní, “Àwọn wo?”
Mi ò rí nǹkan sọ.
Ó ṣí kọ̀ǹpútà lórí àpótí tí mo ń kó ìda sí,
ó tẹ́ àtẹ kan síwájú mi,
kò sí ìgò níbẹ̀, kò sí òṣùwọ̀n,
òǹkà lásán, ní ìbú, ní òró,
bí afárá tí oyin kò tíì wọ̀.

Ó ní: àwọn tó wò rèé, àwọn tó dúró rèé,
àwọn tó béèrè iye tí wọ́n sì sálọ rèé.
Kútọnú ń wò, Kútọnú ń kọjá,
bí eṣinṣin tó bà lé ìdérí, tó tún fò.
Àwọn obìnrin Pàràkú kì í pariwo, àmọ́ wọ́n ń rà,
lálẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn tí wọ́n bá kó àjọ.
Aago mẹ́jọ àárọ̀ tí mo ń kígbe sí,
òfuurufú nìkan ló ń gbọ́.
Àwòrán tí mo wé gèlè sí
(ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún ọkọ mi)
kò mú kọ́bọ̀ wọlé.
Èyí tí mo yà lọ́jọ́ tó rẹ̀ mí,
ìgò kan lórí òkúta,
òkè Ṣábẹ̀ẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ nínú ọyẹ́,
òun làwọn èèyàn dúró wò.

Ó dùn mí díẹ̀. Àpáta lẹ́wà jù mí lọ.
Ṣùgbọ́n kòkòrò oyin kì í bá òdòdó gbígbẹ jà,
ibi tí omi wà ló ń fò lọ.

Ìlà kan wà nísàlẹ̀ àtẹ náà.
Libirefíìlì. Ẹnì kan ṣoṣo.
Aago mọ́kànlá alẹ́, lójoojúmọ́,
láti ìgbà tí kajú ti ń tanná,
ó ń ṣí àwòrán òkè yẹn, ìṣẹ́jú mẹ́rin, ó pa á dé.
Kò rà rí. Kò béèrè iye rí.
Ṣàbí ní, “Ẹ jẹ́ ká yọ ọ́, ó ń da ìṣirò rú.”
Mo ní, “Fi sílẹ̀.”
Ta ní ń wo àpáta fún ìṣẹ́jú mẹ́rin
bí kò bá ṣe ẹni tó ti gùn ún rí, tó ṣubú,
tí ìyá rẹ̀ fi òrí pa orúnkún rẹ̀?

Torí ìlà yẹn ni mo ṣe kọ ọ́ sábẹ́ àwòrán:
“Ẹ sanwó lọ́hùn-ún, a ó gbé e dé ọ̀dọ̀ màmá yín.”
Mo dá owó Kútọnú dúró.
Alẹ́ ni mo ń pàtẹ báyìí, nígbà tí àjò ń wúwo lára.
Ìgò mọ́kànlélógójì lóṣù yẹn,
láti Gábọ́ọ̀nù, láti Abíjàn,
ẹnì kan láti ibi tí ahọ́n mi kò lè pè.
Bíò kò sinmi lórí alùpùpù rẹ̀,
ó ń kanlẹ̀kùn àwọn ìyá àgbà títí dé Kàbùà:
“Ọmọ yín ló ní kí n gbé e wá.”
Ọ̀kan sunkún sórí ìdérí.
Àtẹ kò ní àyè tí wọ́n ń kọ ìyẹn sí.

Ẹni aago mọ́kànlá kò tíì rà.
Bóyá kò ní ìyá mọ́. Bóyá kò lówó.
Ṣàbí ti padà sí ilé-ìwé, mo ti ń ka òǹkà fúnra mi,
mo sì mọ̀ pé kò mú sééfà kan wá.
Síbẹ̀, lánàá, ọyẹ́ ká díẹ̀ lórí òkè,
mo sáré yọ fóònù, mo ya òmíràn,
láìsí ìgò nínú rẹ̀.
Mo gbé e jáde nígbà tí aago mọ́kànlá ku ìṣẹ́jú márùn-ún.