Bàtà Baba Mi

Agogo mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí la kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́,
èmi, Àwẹ̀ró, àti Oyèkúnlé ọmọ rẹ̀ tó ń wakọ̀,
Máíkírà tí fèrèsé ẹ̀yìn rẹ̀ kì í gòkè mọ́,
eruku ọyẹ́ bá wa jókòó bí ẹni tó sanwó.

Mo wọ bàtà kánfáàsì baba mi.
Ìwé ìròyìn ni mo ká sí imú rẹ̀ kó má bàa bọ́ lẹ́sẹ̀ mi.
Ọdún méjìdínlọ́gọ́rin ló fi pe ara rẹ̀ ní ọmọ Ọ̀yọ́-Ilé,
kò débẹ̀ rí. Ìgbẹ́tì ló rìn dé jù,
níbi tó ti lọ ra òkúta mábù fún ibojì ìyá rẹ̀.

Ní Ìkòyí, táyà bẹ́.
Sàká fọkanáísà, obì kún un lẹ́nu,
bi wá pé níbo là ń lọ. A sọ fún un.
Ó rẹ́rìn-ín títí obì fi fẹ́ pá a lórí:
"Ibi táwọn baba yín sá kúrò lóru
lẹ fi táyà tó ti jẹ ń wá lọ lọ́sàn-án gangan?"
A ò rí èsì. A san owó rẹ̀.

Lẹ́yìn Ìgbẹ́tì, ọ̀dà dópin.
Koríko ti gbẹ, ó pọ́n bí irun ọmọ màálù.
Odò tó wà nínú máàpù, iyanrìn la bá níbẹ̀,
àti ipasẹ̀ ẹtu kan tó ti wá wò ó, tó ti padà.

Ọdẹ́bùnmi, ẹ̀ṣọ́ igbó, ló ṣíwájú wa gba àárín àpáta:
ọ̀nà tóóró, òkúta lọ́tùn-ún, òkúta lósì,
ojú ọ̀run di ọ̀já kékeré lókè orí wa.
Ibẹ̀ tutù. Ó ń rùn bí ìdí àmù.
Àwẹ̀ró pe orúkọ ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan,
òkúta dá a lóhùn lẹ́ẹ̀mẹta;
ẹlẹ́ẹ̀kẹta kì í ṣe ohùn rẹ̀ mọ́.

Mo ti rò pé màá rí ààfin.
Òkìtì ni mo rí. Ògiri tí òjò ti lá títí ó fi mọ orúnkún.
Igi oṣè tó dúró bí ẹni tí wọ́n ní kó ṣọ́ ẹrù,
tí ẹlẹ́rù ò padà wá.
Àti àfọ́kù. Àfọ́kù, àfọ́kù,
débi pé ẹsẹ̀ ò lè balẹ̀ kó má dún.

Mo mú ọ̀kan: ẹ̀gbẹ́ ìkòkò, ó ní àmì okùn,
ó ní ibi tí ìka ti tẹ̀ ẹ́ nígbà tó tutù.
Mo fi àtàǹpàkò mi sí i. Ó bá a mu.
Kí ló ń sè lọ́jọ́ náà?
Ṣé ó jẹ ẹ́ kó tó sá, àbí ó fi í sílẹ̀ lórí iná?
Ọdẹ́bùnmi wúkọ́: "Ẹ dá a padà síbi tẹ́ ẹ ti mú un, mà."
Mo dá a padà. Mo tún un gbé, kó kọjú síbi tó kọjú sí.

Alẹ́ ọjọ́ kejì, ní Arówómọlẹ̀,
mo gbọn bàtà náà sí ẹnu ọ̀nà.
Erùpẹ̀ pupa, ó tó ìdajì ẹ̀kúnwọ́.
Oyèkúnlé mú ìgbálẹ̀.
Mo ní, "Jẹ́ kó jókòó ná.
Ó ti rìn jìnnà."