Ẹrú Abẹ́ Jíà

Ní ìdajì òkè Salterhebble, ní Halifax,
ẹsẹ̀ òsì mi tẹ kílọ́ọ̀ṣì, kò bá nǹkan kan níbẹ̀.
Ó rì bí ẹsẹ̀ ẹni tó rò pé àtẹ̀gùn ti tán
nínú òkùnkùn, tó ṣì ku ọ̀kan.
Pẹ́dà sùn sílẹ̀, kò dìde mọ́.

Ogójì òkúta pẹlẹbẹ wà lẹ́yìn píkọ́ọ̀pù,
ti bàbá kan ní Northowram tó fẹ́ fi tẹ́ ẹ̀yìnkùlé rẹ̀.
Òjò ń rọ̀, irú èyí tí kì í pariwo,
tó kàn ń yọ́ wọ èèyàn lọ́rùn bí gbèsè.
Mọ́tò mẹ́sàn-án tò sẹ́yìn mi. Ẹnikẹ́ni kò fọn fèrè.
Ní Òkèhò, wọn ìbá ti bú mi
dé orí bàbá tó bí bàbá mi,
wọn ìbá sì ti bọ́ sílẹ̀ wá tì mí.
Níbí, wọ́n jókòó. Sùúrù wọn wúwo ju òkúta lọ.

Ìgbà náà ni mo gbọ́ ohùn Oyèbísí, àbúrò bàbá mi,
tó fi Bẹ́dífọ́ọ̀dù kó gẹdú fún ọdún mọ́kànlélógún:
“Bí kílọ́ọ̀ṣì bá kú, jíà kò tíì kú.
Pa ẹ́ńjìnnì. Ti jíà sí ookan. Yí kọ́kọ́rọ́.
Yóò fò bí ewúrẹ́ tí wọ́n tẹ̀ nírù. Jẹ́ kó fò.
Lẹ́yìn ìyẹn, etí ni kí o fi wà á.”

Mo fa ọ̀pá kékeré, èyí tí a fi ń jáde nínú ẹrẹ̀.
Mo yí kọ́kọ́rọ́. Ó fò, ó kú.
Ó tún fò, òkúta kọlu òkúta,
ó kú.
Ẹ̀ẹ̀kẹta, ó mi gbogbo ara, ó ń lọ.

Mo fi etí wà á.
Ibì kan wà tí ohùn ẹ́ńjìnnì àti ohùn jíà ti ń dọ́gba,
kò ju èémí kan lọ.
Bí o bá bá a níbẹ̀, ọ̀pá á wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́;
bí o bá pẹ́ díẹ̀, eyín jíà á máa payín keke
títí dé eyín ẹnu tìrẹ náà.

Sugden wọ abẹ́ ọkọ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì,
ó gbé ife tíì rẹ̀ lé orí táyà.
Ó ní, “Ọ̀gá kò ṣe nǹkan kan. Ẹrú ló bàjẹ́.”
Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń pè wọ́n, kò fi ṣẹ̀fẹ̀:
sìlíńdà tó wà lókè, tó gbẹ, tó mọ́, ni ọ̀gá;
èyí tó wà nísàlẹ̀, lẹ́bàá jíà,
nínú ooru, nínú iyọ̀ tí wọ́n ń da sójú títì nígbà òtútù,
òun ni ẹrú. Ọ̀gá á gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹsẹ̀,
á ti òróró. Iṣẹ́ di ti ẹrú.
Pọ́n-ùn méjìdínlógójì ni tuntun.

Ẹrú kú, ìyá kò gbọ́, àwọn àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀.
Eléyìí kú, mọ́tò mẹ́sàn-án gbọ́.
Kò tóbi ju ṣúkù àgbàdo lọ. Rọ́bà inú rẹ̀ ti jẹ.
Sugden fẹ́ jù ú sínú agolo,
mo ní kó fún mi. Kò bi mí léèrè.
Ẹrú ṣe ọmọ rí nílé ìyá tó bí i:
ilé iṣẹ́ kan wà níbì kan
tí wọ́n ti fi òróró pa á lára, tí wọ́n fi ọ̀rá wé e.

Àrìnpé bá a lójú fèrèsé ilé ìdáná.
Ó ní, “Irin ìdọ̀tí wo tún lèyí?”
Mo ní kó fi sílẹ̀, ó ti rẹ̀ ẹ́.
Ó wò mí, ó wo irin, ó lọ gbé omi kaná.

Òkúta ṣì wà lẹ́yìn ọkọ̀. Bàbá Northowram ti pè lẹ́ẹ̀mejì.
Mo wọlé sókè, mo tẹ pẹ́dà díẹ̀díẹ̀,
bí ẹni tó ń kanlẹ̀kùn ilé tí kò dá lójú pé èèyàn wà.
Ó ti ẹsẹ̀ mi padà.