Níbi Tí Ahọ́n Rẹ̀ Kì Í Ti Kọsẹ̀

Aago méjì òru kọjá díẹ̀ ní Òkè-Ẹlẹ́rìn, Ògbómọ̀ṣọ́.
Iná ọba ti lọ láti ìrọ̀lẹ́,
ọyẹ́ ń fi èékánná họ páànù orùlé,
mo sì rí ìmọ́lẹ̀ búlúù lábẹ́ ilẹ̀kùn Oyèdìran,
ó tín-ín-rín bí omi tó ń jò.

Wẹ́dà ni mí. Mo mọ iná.
Ọdún mọ́kànlélógún ni mo ti ń jó irin mọ́ irin
lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì tó lọ sí Ìlọrin.
Mo mọ̀ pé iná tó bá dùn ún wò jù,
òun gan-an ní í gba ojú lọ́wọ́ ẹni.
Èmi a máa fi dígí dúdú bojú.
Ta ló fún ọmọ mi ní dígí?

Mo ti gba fóònù náà lẹ́ẹ̀mẹta.
Mo tì í mọ́ inú àpótí irinṣẹ́,
ó fi wáyà ṣí àgádágodo.
Èmi náà ni mo kọ́ ọ.
Ìyá rẹ̀ fọ́ kóló, òfìfo ló bá:
owó kajú ọdún tó kọjá ti di dátà,
ó ti di ìbọn tí ọwọ́ kò lè kàn,
ó ti di ẹ̀wù ogun fún ẹni tí kì í ṣe ènìyàn.
Kẹ́mísírì: mẹ́rìnlá nínú ọgọ́rùn-ún.
Wọ́n ní ayé ló ń ṣe é. Wọ́n ní ọ̀lẹ ni.
Pásítọ̀ ní kó gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta;
ó gbà á, kò tilẹ̀ mọ̀ pé ebi ń pa òun.

Lóru yìí mo mú bẹ́líìtì dání,
mo ń gbẹ́sẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tó fẹ́ mú adìẹ.
Ọwọ́ mi ti kan ilẹ̀kùn
nígbà tí mo gbọ́ ohùn kan nínú yàrá:
"Ẹ̀yin apá ọ̀tún, ẹ dúró! Bàṣírù, má tíì yìnbọn.
Ó ku mẹ́ta lẹ́yìn ògiri. Ẹ tẹ̀lé mi. Ó yá!"

Mo wẹ̀yìn. Mo rò pé àlejò ló wọlé.

Oyèdìran mi, akólòlò,
ẹni tí "omi" lásán máa ń há lọ́nà ọ̀fun bí egungun ẹja,
tí wọ́n ní kó kàwé sókè ní kíláàsì kẹta,
tí gbogbo wọn ń sín in jẹ
títí olùkọ́ pàápàá fi rẹ́rìn-ín.
Láti ọjọ́ náà kò nawọ́ sókè mọ́.
Nílé ńkọ́? Nílé, èmi ni mo ń parí ọ̀rọ̀ fún un.
Bó bá ti ní "Bà-bà-bà",
màá ti na owó sí i, màá ní, "Máa lọ."
Mo pè é ní ìfẹ́. Ìkánjú ni.

Níbẹ̀ yẹn, ogún ènìyàn ń dúró de ẹnu rẹ̀,
ọmọ Ṣakí, ọmọ Ìṣẹ́yìn, ẹnì kan tó ní Kọ̀tọ̀nù lòun wà.
Kò sẹ́ni tó mọ bàbá rẹ̀,
kò sẹ́ni tó mọ kíláàsì kẹta.
Bó bá kú, ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, ó ti dìde.
Ìdánwò tiwa, bó o bá kú níbẹ̀, ó di ọdún kan gbáko.

Bẹ́líìtì wúwo lọ́wọ́ mi bí irin tí kò tíì tutù.
N kò wọlé. Mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀,
mo ń gbọ́ ọmọ mi bí a ti ń gbọ́ rédíò,
gbólóhùn tó mọ́ ṣáká,
títí àkùkọ Ìyá Gbọ́láyẹmí fi kọ.

Ẹ má rò pé mo ti rí ojútùú o.
Mo ṣì máa gba fóònù náà. Ojú rẹ̀ ti pọ́n,
orí tábìlì iléèwé ló ń sùn.
Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ fa ọmọ jáde nílé tí wọ́n ti ń pè é ní ọ̀gá
yóò kọ́kọ́ sọ ibi tó fẹ́ kó sùn sí.

Láàárọ̀, mo bu ògì fún un. Mo jókòó.
Mo ní, "Àwọn mẹ́ta ẹ̀yìn ògiri ńkọ́?"
Ó wò mí bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ inú oko olóko.
Ó ní, "A p-a p-a—"
Ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu mi. Mo mọ̀ ọ́n.
Mo fi eyín di ahọ́n mi mú.
Ògì ń tutù. Ọ̀kadà kan kọjá, òmíràn kọjá,
wọ́n ń pè mí níbi iṣẹ́.
Mo dúró.