Mẹ́rin sí Ọ̀kan

Aago kan òru ní Pákàtà, iná ọba dé lójijì,
fọ́ọ̀nù gbogbo ilé ń ké pé àwọn rí ohun jẹ.
Mo dìde. Mo fi mátírẹ́ẹ̀sì dí ojú fèrèsé,
mo so máíkì mọ́ igi ìgbálẹ̀,
mo ki ìdí igi náà bọ agolo mílíkì tó kún fún yanrìn.
Gìtá mi, ọwọ́ agùnbánirọ̀ kan ni mo ti rà á
lọ́jọ́ tó ń di ẹrù rẹ̀ lọ sí Umúáhíà.
Ó ní ọgbẹ́ kan nídìí. Gọ́ọ̀mù ni mo fi dí i.

Àtàǹpàkò mi wúwo.
Ọdún méjìlá ló ti ń yí súpánà ní Garéèjì Ọ̀fà,
kò mọ̀ pé wáyà kì í ṣe nọ́ọ̀tù.
Bó bá kan wáyà kẹfà, ilé a mì;
bí ìka ìlábẹ̀ bá wá fẹ́ dáhùn,
a dà bí ọmọ tí wọ́n rán sí àgbà
tó dúró sẹ́nu ọ̀nà, tí kò lè kágò.
Mo ké sí Sólíù tó ń tún fọ́ọ̀nù ṣe ní Táíwò.
Ó ní, "Kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ ló kù. Wá a nínú kọ̀ǹpútà rẹ.
Ẹni tó bá pariwo kọjá ààlà, á tẹ orí rẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀.
N ò ní kó pa á lẹ́nu mọ́ o."

Mo fa ààlà sísàlẹ̀, mo tún fà á sókè.
Méjì sí ọ̀kan: àtàǹpàkò rọra jókòó.
Mo ní kó má tètè gbá a mú,
kí èékánná kọ́kọ́ kan wáyà ná, kí n gbọ́ "tín" rẹ̀,
kó tó gbé ọwọ́ lé e;
kó sì tètè tú u sílẹ̀, kí èémí má bàa há.
Mo rántí àwọn ìyá Fúlàní tó ń ṣe wàrà,
bí wọ́n ṣe ń ro omi rẹ̀ nínú apẹ̀rẹ̀ kékeré:
bí o kò bá tẹ̀ ẹ́, á ṣàn lọ;
bí o bá tẹ̀ ẹ́ jù, eyín ló máa ròyìn rẹ̀.

Ojúkòkòrò ni tèmi.
Mo tẹ̀ ẹ́ dé mẹ́rin sí ọ̀kan, mo tẹ̀ ẹ́ dé mẹ́jọ,
ohùn gìtá tẹ́ pẹrẹsẹ bí ọ̀dà títì tí rólà ti kọjá.
Mo wá gbé gbogbo rẹ̀ sókè, kó lè kún etí.
Àṣé bí a bá tẹ orí alágbára wálẹ̀,
tí a sì gbé ilẹ̀ fúnra rẹ̀ sókè,
ohun tó sùn sílẹ̀ náà á bá a gòkè.

Mo gbọ́ fáànù tó ń họ ara rẹ̀.
Mo gbọ́ ewúrẹ́ Àlájì Ńdá lẹ́yìn ògiri, tó ń jẹ páálí.
Mo gbọ́ imú ara mi.
Níbi tí ohùn wáyà ti ń kú lọ, kí n tó kan òmíràn,
mo gbọ́ Mulíkà nínú yàrá,
Mulíkà tí mo rò pé ó ti sùn,
tó ń ka owó kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́:
"Ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ ó lé igba."
Ó tún un kà. Iye kan náà ni.
Ó mí kanlẹ̀,
kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ sì gbé èémí náà, ó tóbi bí ìlẹ̀kùn.

Lánàá ló sọ fún mi pé owó iléèwé Àwáwù ti pé.
Ó tún fún mi lówó wáyà tuntun.

Mo dá a padà sí méjì sí ọ̀kan.
Ohùn rẹ̀ rì sábẹ́ gìtá wẹ́rẹ́, bí ẹni tí kò sọ̀rọ̀ rí.
Etí tèmi ni n kò rí bọ́tìnì rẹ̀.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, mo lọ gba owó gíà lọ́wọ́ Sáká onítákísí,
mo da tèmi mọ́ ọn, owó wáyà náà wà níbẹ̀,
mo fi sábẹ́ ìgò ìpara rẹ̀.
N kò sọ nǹkan kan. Òun náà kò béèrè.
Orin yẹn kò tíì parí.
Wáyà kẹta ti dípẹtà,
ṣùgbọ́n ó lè dúró di oṣù tó ń bọ̀.