Ẹlẹ́sẹ̀ Mẹ́ta

Ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù.
Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ààrò kì í ní táyà lẹ́sẹ̀,
ọbẹ̀ kì í sì í wọn igba kílò.
Ẹ bi Dougal léèrè ní Invercargill,
ìlú ìsàlẹ̀ ayé, níbi tí yìnyín oṣù kẹfà
ti ń ha páànù bí èékánná ológbò.
Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ló rà lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn,
ọgọ́rin dọ́là, ọ̀dà pupa rẹ̀ ń dán gbinrin.
Ó gbé ẹ́ńjìnnì kọ́ ọ lọ́rùn.
Ó tì í díẹ̀, díẹ̀ náà ni,
táyà iwájú há sínú ìlà kọnkéré tí kò fẹ̀ ju ìka lọ,
gbogbo ẹrù náà sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja
bí ẹni tó ṣèèṣì pàdé ọba.
Ìka ẹsẹ̀ Dougal méjì wà níbi ìkíni náà.
Títí dòní, bí òjò bá fẹ́ rọ̀,
àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbọ́.

Ailsa àbúrò rẹ̀ ní òun ni yóò yan tòun.
Ó fi ẹfun sàmì sí ilẹ̀ gáréèjì:
ibi tí kọnkéré ti sán,
ibi tó ti dagun lọ sójú gọ́tà,
ibi tí fìríìsà ẹran àgùntàn wà,
tí kò fẹ́ sún fún ẹnikẹ́ni.
Ó wọn ẹnu ọ̀nà. Ó tún un wọ̀n.
Nísọ̀, ó fẹsẹ̀ ti ọ̀kan, ó mì.
Ó ti èkejì, ó mì bí eyín ọmọ ọdún méje.
Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tà á ní,
“Yóò gbé ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta kílò, wọ́n kọ ọ́ sí i lára.”
Ailsa ní, “Èyí tí wọ́n kọ síni lára kọ́ ni egungun ń gbé.”
Ó jáde, atẹ́gùn gba fìlà rẹ̀.

Riverton ló ti rí i,
lẹ́yìn ilé Tamahou Kereama,
ẹni tó fi ogójì ọdún tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ apẹja ṣe
kí ọwọ́ rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.
Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin. Fúnra rẹ̀ ló jó irin náà pọ̀.
Ó burẹ́wà, kí á má purọ́:
páìpù nípọn bí apá alágbẹ̀dẹ,
táyà tóbi bí àwo ṣáásà,
ìpata ti jẹ ọ̀dà rẹ̀ ní àjẹkù.
Ailsa gun ẹsẹ̀ rẹ̀ kan, ó fò lórí rẹ̀.
Irin náà kò tilẹ̀ bi í pé kí ló dé.

“Kí lo fẹ́ kọ́ sí i?”
“Onísílíńdà mẹ́fà. Ọkọ̀ ìyá mi ni.”
Bàbá kò tíì sọ iye owó.
“Àárín ìwúwo ẹ́ńjìnnì ni kí o mú bá àárín páìpù.
Bí o bá gbé e ga jù,
ọjọ́ tí o bá fa pínnì yọ, yóò já gbà, yóò yí pò.”
Ó gbé àgbọ̀n sókè, àpá kan wà níbẹ̀, ó funfun.
“Ra bóòtù gígùn. Èyí tó wọlé ìlàjì, irọ́ ló ń pa.”
Àádọ́ta dọ́là. Ó fún un ní ọgọ́rùn-ún,
ọwọ́ gbígbọ̀n náà ka ìdajì padà fún un,
ó pẹ́ kó tó kà á tán, Ailsa kò bá a kà á.
“Ọjọ́ tó bá kọ́kọ́ ké,
fi fóònù sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí n gbọ́.”

Lálẹ́ ọjọ́ Sátidé, Dougal jókòó sórí fìríìsà,
tíì rẹ̀ ti tutù. Ailsa di bóòtù kẹrin,
ó fi gbogbo ara rẹ̀ tẹ sípánà náà.
Ó yí ọwọ́ gíà, wẹ́rẹ́, wẹ́rẹ́,
ikùn ẹ́ńjìnnì ìyá wọn kọjú sókè.
Ọ́ìlì dúdú kan ṣoṣo kán sórí ẹfun.
Wọn kò sọ̀rọ̀.
Atẹ́gùn gbá ilẹ̀kùn, agolo bọ́ lórí pẹpẹ.
Àgbékọ́ náà dúró.
Síbẹ̀, Dougal fa ẹsẹ̀ rẹ̀ sẹ́yìn.