Kọ́tìnnì Ojú Ọ̀tún

Kọ́tìnnì ni mo ń rán ní Kúbúwà.
Fèrèsé àwọn ọlọ́lá ní Màítámà, èmi ni mo wọ̀ wọ́n láṣọ.
Bí okùn kan bá já, tí aṣọ rọ̀ dẹ̀dẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan,
wọn a pè mí, n óò gun àkàbà, n óò tún un so.

Ṣùgbọ́n lówùúrọ̀ Àlàmísì kan, nínú ọyẹ́,
Ìbíwùmí jí, ojú òsì là,
ojú ọ̀tún kọ̀.
Ìpéǹpéjú wálẹ̀ bí aṣọ tí òrùka rẹ̀ yọ lára irin.

Ìyá rẹ̀ ní, ta ló wo ọmọ òun níwòkuwò?
Ìyá ìyá rẹ̀ pè láti Òmù-Àrán, ó ní ká fi omi ìrì nù ún.
Èmi ò sọ nǹkan kan. Mo gbé e kọ́rùn,
a wọ bọ́ọ̀sì Gwagwaládà.

Dókítà Ràkíyà tan tọ́ọ̀ṣì kékeré sí i.
Ó ní oògùn tí a ń fà sí i lára lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀,
èyí tó mọ́ gaara bí omi òjò,
òun ló ń lé jẹjẹrẹ kúrò nínú ẹ̀jẹ̀,
òun náà ló fẹsẹ̀ kọ okùn tó ń fa ìpéǹpéjú sókè.
"Okùn ọ̀hún kò já, Bàbá Ìbíwùmí. Ó rẹ̀ ẹ́ ni.
A ó dín oògùn kù. Ẹ fún un ní oṣù méjì, mẹ́ta."

Ọdún mọ́kàndínlógún nídìí ẹ̀rọ,
n ò gbọ́ ọ rí pé ó rẹ okùn.

Ọmọ fúnra rẹ̀ ò sunkún.
Ó fi ìka gbé ìpéǹpéjú sókè, ó wò mí sùn-ùn:
"Bàbá, ẹ ti di méjì.
Èwo nínú yín ló máa ra kúlíkúlí?"
Mo ní àwa méjèèjì. Mo ra méjì.

Lálẹ́, tó bá ti sùn, mo ń fi tépù wọn ojú rẹ̀.
Ìyá rẹ̀ ká mi mọ́ ọn. Ó pòṣé,
kò sì gba tépù lọ́wọ́ mi.
Ọ̀sẹ̀ kìíní, òfo. Ọ̀sẹ̀ kejì, òfo.
Ọ̀sẹ̀ kẹrin, ìlà tín-ín-rín kan, tí kò ju ihò abẹ́rẹ́ lọ.
Bóyá ọwọ́ mi ló gbọ̀n.

Àlàmísì tún pé. A tún ń lọ gba oògùn náà,
torí kí lèèyàn fẹ́ fi ojú tó là ṣe
lára ọmọ tí kò sí?
Ní Zuba, ó nawọ́ síhà Àpáta Zuma:
"Méjì ni. Èwo ni tòótọ́?"
Eruku ọyẹ́ ti bo gbogbo ẹ̀. Èmi alára ò rí ẹyọ kan.
Mo ní, "Èyí tó sún mọ́ ẹ."