Orí Mẹ́rìndínlógójì

Oṣù Kẹta, yìnyín ṣì bo pápá bàálù Hietalampi,
bàálù wa wà nínú àká rẹ̀ bí adìyẹ tó sàba.
Èmi Aune Kettula, akápò ẹgbẹ́,
mo jókòó ti kọfí tó ti tutù,
mò ń wá iye tí èèyàn yóò san ní oṣù Kéje
kó tó lè ti ojú ọ̀run já bọ́ níwájú adájọ́.

Ẹ má rò pé òfurufú là ń tà.
Òfurufú kò ní olówó, ẹyẹ kì í gba rìsíìtì.
Epo là ń tà.
Reijo tó ń wa bàálù ti là á mọ́lẹ̀ fún mi:
"Ìjókòó kan, ìgòkè kan, yúrò méjìdínlógún.
Má bá mi ná an, èmi kọ́ ni mo ń po epo."
Ẹ̀ẹ̀mẹjọ ni olúkúlùkù yóò gòkè.
Mo ṣírò rẹ̀: mẹ́rìnlélógóje.
Ìyẹn ò le. Ẹni tó gòkè ló ń sanwó ìgòkè.

Àwọn tí kì í gòkè ni wọ́n le.
Adájọ́ márùn-ún ń bọ̀ láti Oulu,
wọn yóò sùn, wọn yóò jẹ ẹja, wọn yóò mu bíà lálẹ́,
lójúmọmọ wọn yóò tẹjú mọ́ tìmùtìmù ńlá kan
tí àmì tí kò ju owó ẹyọ lọ wà láàárín rẹ̀,
àmì tí gìgísẹ̀ ọmọ èèyàn ní láti tẹ̀
nígbà tó bá ti ẹgbẹ̀rún mítà sọ̀ kalẹ̀.
Ẹ̀rọ tó ń wọn àṣìtẹ̀, Tampere la ti ń yá a.
Adójútòfò. Ife-ẹ̀yẹ. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ alágbèéká méjì.
Gbogbo rẹ̀ jẹ́ egbèjìlá yúrò,
bí èèyàn mẹ́wàá wá, bí ọgọ́rùn-ún wá,
egbèjìlá náà kò ní sún ní ìka kan.

Orí mélòó wá ni kí n pín in fún?
Bí ogójì bá wá, ọgọ́ta yúrò lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan.
Bí mẹ́rìnlélógún bá wá, ọgọ́rùn-ún.
Ṣùgbọ́n bí mo bá kọ òjìlénígba ó lé mẹ́rin síta,
mẹ́rìnlélógún náà kò ní pé,
wọn a sọdá òkun lọ sí Estonia.
Iye ló ń pe èrò, èrò ló ń dá iye.
Ṣòkòtò ni mò ń rán
fún ẹni tí n kò tíì rí ìdí rẹ̀.

Veikko ní ká fi kún un, òrùlé àká ń jò.
Tuulikki ní ká bù ú kù, àwọn ọ̀dọ́ ń sá.
Àwọn méjèèjì lọ sílé lọ sùn.

Ní èṣí, afẹ́fẹ́ jà fún ọjọ́ méjì,
ìgòkè márùn-ún péré la rí ṣe.
Wọ́n tò síwájú tábìlì mi, wọ́n ń bèèrè mẹ́ta tó kù.
Mo dá owó epo padà, mẹ́rìnléláàádọ́ta fún ẹnì kọ̀ọ̀kan.
Ti adájọ́ ńkọ́? Ẹja tí wọ́n ti jẹ, ta ni yóò bì í?
Sakari, ọmọ ilé ìlagi, tó gun kẹ̀kẹ́ wá,
ka tirẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó ká a pọ̀, ó tì í bọ bàtà,
bàtà ọ̀tún, èyí tí gìgísẹ̀ rẹ̀
ti tẹ àmì náà gan-an láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Bàtà yẹn ni mo ń rò nígbà tí mo kọ mẹ́rìndínlógójì.
Mi ò ní ìdí mìíràn.
Mo pín in, ó ku ìdá méjì nínú mẹ́ta yúrò lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan,
mo pa á rẹ́.
Igba yúrò ó lé mẹ́wàá.
Yúrò mẹ́rìnlélógún yóò dín,
agolo owó kọfí ni n ó ti mú un, kí Veikko má gbọ́.

Lẹ́ẹ̀dì ni mo fi kọ ọ́.
Lóde, àpò afẹ́fẹ́ rọ̀ dẹ̀dẹ̀ lórí òpó,
kò sọ nǹkan kan fún mi nípa oṣù Kéje.